Ta Ló Ń Jẹ Èrè Abẹ́rẹ́?

Àwọn àgbà ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ìlú Lucknow, ní àríwá Íńdíà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló ti ń lo oògùn náà láti kékeré, tí ìṣẹ́ kò sì fi ilé wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní chikan ni wọ́n ń ṣe, tó gbajúmọ̀ jù pẹ̀lú òwú funfun lórí aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fi pátákó gbígbẹ́ tẹ ọnà sára aṣọ pẹ̀lú aró tí yóò ṣí bí wọ́n bá fọ̀ ọ́, obìnrin náà yóò sì máa fi abẹ́rẹ́ tọ ipa aró yìí nílé rẹ̀. Ẹyọ ọnà tí wọ́n ń pè ní murri kò ju hóró ìrẹsì lọ, ó sì máa ń ga sókè lára aṣọ débi pé ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n. Ní ti jaali, wọn kì í gé fọ́nrán kankan. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ya àwọn fọ́nrán aṣọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi dà bí àwọ̀n. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹ̀rọ ló ń pa irú iṣẹ́ báyìí. Lójú tèmi, ohun tó ń fi ebi pa oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ ti wà kí ẹ̀rọ tó dé: kò mọ ẹni tó ń ra ọjà rẹ̀, kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dá iye lé e.

Ẹ wo bí owó ṣe ń rìn. Oníṣòwò ló ni aṣọ. Alágbàtà ló ń pín in káàkiri abúlé, òun náà ló ń kó o padà, tó sì ń san owó lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan láìka iye ọjọ́ tí iṣẹ́ náà gbà. Bí aṣọ bá ní àbàwọ́n, tàbí tó bá pẹ́, wọ́n lè yọ owó rẹ̀. Nítorí pé kálukú ń ṣiṣẹ́ nínú ilé tirẹ̀, ó ṣòro kí ẹnì kan mọ ohun tí wọ́n san fún ẹnì kejì. Ẹni tó bá ní owó náà kéré yóò rí i pé wọ́n gbé aṣọ náà lọ sí ilé kejì.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé bí ọjà bá ti gbayì lókè òkun, èrè yóò dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí ó wo Kashmir, níbi tí wọ́n ti ń fi irun ewúrẹ́ orí òkè Ladakh ṣe ìborùn tí wọ́n ń pè ní pashmina. William Moorcroft, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1822, kọ ọ́ pé ní nǹkan bí ọdún 1803 ni Khwaja Yusuf, oníṣòwò ará Armenia, dá a lábàá pé kí wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà tí wọ́n ń hun tẹ́lẹ̀. Irú ìborùn yìí kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó èyí tí wọ́n hun lọ, ó sì bọ́ lọ́wọ́ owó orí ńlá tí ìjọba gbé lé aṣọ híhun. Ọgbọ́n ọjà ni, ṣùgbọ́n ti oníṣòwò ni. Àwọn ará Yúróòpù fẹ́ràn ìborùn Kashmir débi pé ìlú Paisley ní Scotland ń fi ẹ̀rọ ṣe irú rẹ̀. Ní Kashmir fúnra rẹ̀, owó orí wọ àwọn ahunṣọ lọ́rùn títí wọ́n fi tú jáde ní ìlú Srinagar lọ́dún 1865. Ọmọ ogun kọlù wọ́n, ẹ̀mí sì ṣòfò. Nígbà tí ogun Faransé àti Jámánì bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1870, ọjà dojú dé, ìyàn ọdún 1877 sí 1879 sì bá ahunṣọ tí kò ní nǹkan kan ní ìpamọ́. Gbogbo ọdún tí ọjà fi tà, ọwọ́ ẹlòmíràn ni èrè wà.

Àwọn kan yóò ní oníṣòwò náà ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni. Òun ló ń fi owó sílẹ̀, tó ń dúró de oníbàárà, tó sì ń gbé àdánù bí aṣọ kò bá tà. Ó yẹ kó jèrè. Àmọ́ ìyẹn kò sọ pé òun nìkan ni kó máa dá iye. Àwọn mìíràn yóò ní bí owó iṣẹ́ bá ga, oníbàárà yóò sá lọ bá aṣọ ẹ̀rọ. Ẹni tó ń wá ọ̀pọ́ ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ tipẹ́. Ohun tí ẹni tó fẹ́ aṣọ ọwọ́ ń wá ni ìdánilójú pé ọwọ́ ló ṣe é. Ẹni tó ń ta aṣọ ẹ̀rọ ní orúkọ aṣọ ọwọ́ ló ń ba ọjà yìí jẹ́. Ìdí nìyí tí Íńdíà fi fi òfin dáàbò bo orúkọ pashmina Kashmir àti chikan Lucknow lọ́dún 2008. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n orúkọ ìlú ló dáàbò bò. Oníṣòwò lè ní àmì orúkọ náà lọ́wọ́ kí owó obìnrin abúlé má fi kọ́bọ̀ kan lé sí i.

Ohun tó lè yí ọ̀rọ̀ yìí padà ni kí àwọn oníṣẹ́ parapọ̀. Lọ́dún 1984, Runa Banerjee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ SEWA sílẹ̀ ní Lucknow, kí àwọn oníṣẹ́ chikan lè máa gba iṣẹ́ kí wọ́n sì máa tà á láìgba ọwọ́ alágbàtà. Ẹgbẹ́ nìkan kò lè dé gbogbo abúlé, ìjọba ní láti tì í lẹ́yìn. Bí àwọn ilé àyẹ̀wò Kashmir bá lè fi awò yẹ fọ́nrán irun ewúrẹ́ wò kí wọ́n tó fi àmì sí ìborùn, kò yẹ kó ṣòro láti béèrè ìwé tó fi iye tí wọ́n san fún ẹni tó ṣe ọnà rẹ̀ hàn. Aṣọ tí kò bá ní ìwé yìí, kí wọ́n má ṣe fún un ní àmì.