Ẹni Tó Rìn Ló Ni Àkọsílẹ̀ Ìrìn Rẹ̀

Ayálégbé tó bá ń kó jáde kì í fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ fún onílé. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe aago ìlera ń retí nìyẹn lọ́wọ́ oníbàárà tó bá fẹ́ pààrọ̀ aago. Ọdún márùn-ún ni aago ti lè fi ka ìgbésẹ̀ rẹ̀, kó máa ṣọ́ oorun rẹ̀ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ọjọ́ tó bá ra ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, òǹkà sábà máa ń padà sí òdo.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí ọkàn ṣe ń lù yàtọ̀ láti ara ẹnìkan sí ẹnìkejì. Àkọsílẹ̀ ọjọ́ pípẹ́ ló ń jẹ́ kí ènìyàn mọ ìgbà tí tirẹ̀ kò rí bó ṣe máa ń rí.

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fúnra wọn yàn láti kúrò. Fitbit ra ohun ìní Pebble ní 2016. Nígbà tí oṣù Òkúdu 2018 fi parí, iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó gbé aago Pebble ró ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2021, Google náà gbé Fitbit mì, lẹ́yìn tó ti dá nǹkan bí bílíọ̀nù 2.1 dọ́là lé e. Kí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó fọwọ́ sí i, Google ní láti ṣèlérí pé fún ọdún 10, òun kò ní fi àkọsílẹ̀ ìlera àwọn ará ibẹ̀ polówó ọjà. Bí àkọsílẹ̀ náà kò bá níye lórí, kí ni wọ́n ń gba irú ìlérí bẹ́ẹ̀ sí?

Àwọn ilé-iṣẹ́ a máa sọ pé oníbàárà lè gba fáìlì rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fáìlì tí aago tuntun kò lè kà kò yàtọ̀ sí àpótí tí wọ́n gbé fúnni láìsí kọ́kọ́rọ́. Wọ́n tún ń sọ pé aago méjì kì í ka ìgbésẹ̀ bákan náà. Ẹ kọ orúkọ aago tó kà á sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 ní Nàìjíríà ti fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè kà, kó sì gbé e lọ síbòmíràn láìsí ìdíwọ́. Ó tó àkókò kí àwọn aláṣẹ mú òfin náà ṣẹ, kí àwọn oníbàárà sì béèrè ọ̀nà àbájáde kí wọ́n tó sanwó. Yorùbá ní ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra aago kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni.