Ilẹ̀ Tí Ó Le Lókè

Ẹni tí ó bá ń gbẹ́ kànga ní Ayétòrò-Èkìtì mọ̀ pé ilẹ̀ a máa yí padà bí ó ti ń jìn: yangí líle lè wà lókè, kí amọ̀ rírọ̀ wà nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkun lẹ́nu odò Ọya náà ní irú ìpele bẹ́ẹ̀, níbi tí odò ti ń kó ẹrẹ̀ àti iyanrìn lé ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tí àwọn awapo bá sọ ẹsẹ̀ irin mẹ́ta tí yóò gbé ilé ìwapo ró sínú òkun, ilẹ̀ líle a kọ́kọ́ gbà wọ́n dúró. Bí ẹrù ti ń pọ̀ sí i, ẹsẹ̀ kan lè lu ìpele líle já lójijì, kí ilé náà fì tòun ti àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ṣáájú. Wọn a pín ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wọn a wo bí amọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ti ṣe. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò rí ìsàlẹ̀ òkun. Bí wọ́n bá fún un ní agbára amọ̀ òkè nìkan, yóò jẹ́rìí pé ilẹ̀ le. Owó tí wọ́n fi ń bu amọ̀ jáde ní ìpele-ìpele kì í ṣe ìnákúnàá, bí ó ti wù kí àwọn olówó kùn tó.