Kì Í Ṣe Òtútù Nìkan Ni Ó Pa Wọ́n: Ẹ̀kọ́ Inú Ìjì Òjò Dídì Texas ti Ọdún 2021

Ìròyìn ìjì òjò dídì láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sí wa mọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé nínú ìjọ ni ó ní ọmọ, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ní Houston àti Dallas, nítorí pé àwọn ìlú méjèèjì wà lára ibi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà. Bí ìròyìn òtútù bá ti dé, fóònù ni a kọ́kọ́ máa ń gbé. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ó yẹ kí a béèrè lórí fóònù náà. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ yẹ ìjì oṣù kejì ọdún 2021 ní ìpínlẹ̀ Texas wò. Ohun tí ìwádìí fi hàn ni pé láti òkè ni òtútù náà ti wá, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tí a kò kà sí ni ó sọ ọ́ di àjálù.

Ibi tí òtútù náà ti wá

Ní ìgbà òtútù, afẹ́fẹ́ tútù nini kan a máa yí po lókè ìpẹ̀kun àríwá ayé, bí ẹni pé ó wà nínú ọgbà. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ọgbà náà yẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kejì, afẹ́fẹ́ tútù náà ti ya wá sí gúúsù, ó sì pàdé afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin tí ń bọ̀ láti Ìyawọlẹ̀ Omi Mẹ́síkò. Níbi tí òtútù ti gba ojú ọ̀run kan láti òkè dé ilẹ̀, òjò dídì ni ó rọ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà lókè tí òtútù sì wà nísàlẹ̀, omi ni ó ń rọ̀, ṣùgbọ́n bí ó ti kan ọ̀nà, igi tàbí wáyà iná ni ó ń di yìnyín. Níbi tí òtútù kò dé, òjò lásán ni. Bí ìjì kan ṣoṣo ṣe ń ṣe ìlú mẹ́ta ní ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn.

Kí ìjì ńlá náà tó dé ni yìnyín ti kọ́kọ́ fara hàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì, ọkọ̀ tí ó lé ní 130 kọlu ara wọn lójú ọ̀nà kan tí ó ti di yìnyín ní Fort Worth, ènìyàn 6 sì kú. Nígbà tí ó di ọjọ́ 16, òtútù ní agbègbè Dallas ti lọ sí ìwọ̀n 19 nísàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n òdo ni omi ti ń dì. Texas tí a mọ̀ sí ilẹ̀ ooru ni èyí ti ṣẹlẹ̀, níbi tí a kò kọ́ ọ̀pọ̀ ilé fún irú òtútù bẹ́ẹ̀.

Bí iná ṣe lọ

Àjọ ERCOT ni ó ń darí bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún iná mànàmáná Texas. Iná Amẹ́ríkà a máa lù ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohun tí àwọn ènìyàn ń lò bá ju ohun tí àwọn ẹ̀rọ ń pèsè lọ, lílù náà a máa rẹlẹ̀, bí ó bá sì rẹlẹ̀ jù, àwọn ẹ̀rọ yòókù yóò máa pa ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà bàjẹ́. Ní òru ọjọ́ 15 oṣù kejì, kété lẹ́yìn aago kan, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. ERCOT pàṣẹ pé kí a gé iná àwọn ènìyàn kí ìyókù lè dúró. Ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 37 ni ó kù kí gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀. Àwa tí a wà ní Nàìjíríà mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí iná gbogbo orílẹ̀-èdè wó lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ti Texas bá wó ní ọjọ́ náà, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dìde.

Èrò wọn ni pé kí àdúgbò kan fi iná sílẹ̀ fún òmíràn ní wákàtí sí wákàtí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná tí ó yẹ kí a gé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí èyí tí a lè dá padà, nítorí pé a kò lè fọwọ́ kan wáyà tí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé àti ibi iṣẹ́ tí ó lé ní mílíọ̀nù 4 ni kò ní iná, àwọn mìíràn fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Páìpù omi dì, ó sì bẹ́. Ó lé ní mílíọ̀nù 12 ènìyàn tí ìpèsè omi wọn dàrú.

Àwọn kan sọ nígbà náà pé àwọn ẹ̀rọ tí ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná ni ó fa gbogbo rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn wọ̀nyí dì pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 fi hàn pé nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó kọṣẹ́, èyí tí ń lo gáàsì ju ìdajì lọ. Kànga gáàsì dì, àwọn ẹ̀rọ tí ń ti gáàsì gba inú páìpù sì dúró. Ohun tí ó bani nínú jẹ́ jù ni pé àwọn tí ń gé iná gé ti àwọn ilé iṣẹ́ gáàsì kan láìmọ̀, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ náà kò forúkọ sílẹ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ gé iná wọn. Ọwọ́ tí ń bọ́ni ni wọ́n so.

Ìkìlọ̀ ọdún mẹ́wàá

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Òtútù ti dá iná Texas dúró ní ọdún 1989, ó sì tún ṣe é ní oṣù kejì ọdún 2011. Lẹ́yìn ti 2011, àwọn olùṣèwádìí ìjọba àpapọ̀ dábàá pé kí a fi aṣọ òtútù wọ àwọn ẹ̀rọ àti páìpù. Àbá lásán ni, kò di òfin, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò sì náwó sí i. Texas kò sì fi bẹ́ẹ̀ so wáyà rẹ̀ mọ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, kí ìjọba àpapọ̀ má baà máa darí rẹ̀, nítorí náà ìba díẹ̀ ni aládùúgbò lè yá a ní ọjọ́ ìpọ́njú. Ẹ wo El Paso, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ kan náà. Òun jìyà ní 2011, ó tún àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe fún òtútù, ó sì so mọ́ ètò iná àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀ oòrùn. Ní 2021, ìwọ̀nba ènìyàn ni iná lọ mọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀, kò sì pẹ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni Gómìnà Greg Abbott fọwọ́ sí òfin tí ó sọ ìmúrasílẹ̀ náà di dandan. Nígbà tí ìjì ńlá mìíràn dé ní oṣù kejìlá ọdún 2022, iná Texas dúró. Ìjì yẹn kan náà pa ènìyàn tí ó lé ní 40 ní agbègbè Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York.

Ohun tí ó pa wọ́n, àti ohun tí ó kàn wá

Ìpínlẹ̀ Texas ka ènìyàn 246 tí ìjì 2021 pa. Òtútù fúnra rẹ̀ pa 161, ọ̀pọ̀ nínú ilé wọn. Àìsàn tí ó ti wà lára tẹ́lẹ̀ tí ó wá burú sí i pa 25, ìjàǹbá ọkọ̀ pa 22, iná ilé pa 10, ìṣubú sì pa 9. Àwọn 19 yòókù ni èéfín olóró pa, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide, tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí. Láti inú jẹnẹrétọ̀, èédú tí a dáná sí nínú ilé, àti ọkọ̀ tí a tan sílẹ̀ nínú gáréèjì ni irú èéfín bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Àwọn ará wa tí ó lọ sí òkè òkun mọ jẹnẹrétọ̀ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, àmọ́ ilé ibẹ̀ a máa dé pa nítorí òtútù. A gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, a kò gbọ́dọ̀ gbé e sínú ilé tàbí gáréèjì láé, a kì í sì dáná èédú nínú yàrá, bí ó ti wù kí òtútù náà mú tó.

Àwọn àgbà wa ní òjò ni ó pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Ní Houston, ṣọ́ọ̀ṣì Lakewood ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn tí òtútù lé kúrò ní ilé. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì tí páìpù tirẹ̀ ti bẹ́ kò lè gba ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin òjíṣẹ́ tí ó ní ẹ̀ka ìjọ lọ́hùn-ún, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ṣáájú ìgbà òtútù: Ta ni ó ń dá gbé nínú àwọn àgbà ìjọ? Ta ni ó ń lo ẹ̀rọ tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná? Ta ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn wọn bí fóònù kò bá lọ? Ẹ̀yin òbí tí ó wà ní ilé, bí ẹ bá pe àwọn ọmọ yín, lẹ́yìn ìkíni àti àdúrà, ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ tí ń kígbe bí ó bá gbọ́ èéfín olóró wà nínú ilé wọn, bóyá wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ń ti omi, àti bóyá wọ́n mọ orúkọ aládùúgbò tí ó sún mọ́ wọn jù lọ.