Ọ̀kẹ́ Kan

Àwọn kan a máa wí pé òǹkà Yorùbá ti le jù fún ayé òde òní, àti pé kò yẹ kí a máa fi í dá ọmọ ilé-ìwé lágara. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́ pátápátá: ẹni tí yóò pe 19,669 ní ọ̀nà àtijọ́ yóò làágùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dàbí ẹni pé wọn kò tíì wo ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000, ní àwòfín.

Inú ọjà ni ọ̀kẹ́ ti wá. Àpò owó ẹyọ ni. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá kan. Ẹgbàá mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́ kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, irú ìṣirò yìí ni a ń ṣe ní ọjà Àpòmù, lẹ́bàá Ìkirè, níbi tí ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ó bani nínú jẹ́ pé a ń fi owó náà ra ènìyàn pẹ̀lú. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, kọ ọ́ pé ìjà lórí ataare ní ọjà yìí wà lára ohun tí ó fa ogun tí ó fọ́ ìlú Òwu.  Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta okùn ni ó wà nínú ọ̀kẹ́ kan.

Kí a wá pín iye náà wò. Bí a bá ń pín 20,000 sí méjì-méjì, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni yóò gbà kí ó tó di 625, tí kò ṣe é pín sí méjì mọ́. Bí a bá pín 625 sí márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹrin, ó di ení. Èjì àti àrún nìkan ni a fi kọ́ ọ̀kẹ́. Kò yani lẹ́nu: Adolphus Mann ṣàlàyé ní 1887 pé márùn-ún-márùn-ún ni àwọn tí ń ka owó ẹyọ ń ṣà á, tí wọn a fi di ogún, tí ogún márùn-ún a di ọgọ́rùn-ún, tí ọgọ́rùn-ún méjì a sì di igba. Nítorí náà, ọgbọ̀n òǹkà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó lè pín ọ̀kẹ́ láìṣẹ́kù. Ẹ̀ta kò sí nínú wọn. Bí oníṣòwò mẹ́ta bá fẹ́ pín ọ̀kẹ́ kan lọ́gbọọgba, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gba 6,666, ẹyọ méjì yóò sì kù tí yóò di ọ̀ràn láàárín wọn.

Owó ẹyọ ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n òǹkà rẹ̀ kò kú. Ẹni tí ó bá ná ọjà Ìkirè tàbí Àpòmù lónìí lè ka ogún ₦1,000, tàbí ogójì ₦500, tàbí ọgọ́rùn-ún ₦200. Ọ̀kẹ́ kan géérégé ni ó kà, bí ó tilẹ̀ pè é ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún.