Ojú Ta Ló Wà Lókè Àjà Yẹn?

Ẹ̀yin ará, àwa pásítọ̀ lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ààfin kan wà ní Würzburg, ní Jámánì. Bíṣọ́ọ̀bù ló ń gbé ibẹ̀ láyé ìgbà yẹn, òun náà ló sì ń ṣèjọba ìlú. Ní 1752 sí 1753, Giambattista Tiepolo, ará Venice, ya àwòrán kún gbogbo àjà tó wà lókè àtẹ̀gùn ààfin náà. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́ àjà ọ̀hún ló ń kùn ún kó tó gbẹ, torí bó bá ti gbẹ, ọ̀dà ò ní wọnú rẹ̀ mọ́.

Kí ló yà? Apollo, òrìṣà oòrùn àwọn Gíríìkì, ló wà lójú ọ̀run. Yúróòpù, Éṣíà, Amẹ́ríkà àti Áfíríkà wà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Áfíríkà tiwa jẹ́ obìnrin dúdú lórí ràkúnmí, ọ̀bọ kan sì ń tu ìyẹ́ ògòǹgò nítòsí. (Ẹni tó yà á ò dé ọ̀dọ̀ wa rí o!) Lókè Yúróòpù ńkọ́? Ojú bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ni, Carl Philipp von Greiffenclau, tí wọ́n ń gbé gòkè lọ sáàárín àwọn òrìṣà. Ẹ wá Jésù nínú ọ̀run yẹn, ẹ ò ní rí i. Ní 1754, bíṣọ́ọ̀bù kú.

Àwọn ọ̀mọ̀wé á ní àpẹẹrẹ lásán ni, pé òrìṣà yẹn dúró fún ìmọ́lẹ̀. A gbọ́. Iṣẹ́ náà sì dára, ká má purọ́. Ẹni tó sanwó rẹ̀ là ń bá wí, kì í ṣe ayàwòrán.

Pósítà ìsọjí tó kún ojú títì lónìí wá ńkọ́? Pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ á gba gbogbo ojú ìwé, orúkọ Jésù á wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Ẹ jẹ́ ká lẹ pósítà ìsọjí tó ń bọ̀ láìsí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ká wò ó bóyá èrò ò ní wá.