Fọ́ọ̀mù Ẹlẹ́ni Kì Í Ṣe Ìwé Tí A Fi Ń Di Àkàrà

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo ra àkàrà nígbà tí mò ń lọ sí ìpàdé àdúrà. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán, mo wo ìwé tí wọ́n fi dì í. Fọ́ọ̀mù ẹni tó fẹ́ yá owó ni. Orúkọ obìnrin kan wà níbẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà àkáǹtì, àti iye owó oṣù rẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ náà wà níbẹ̀, epo ti bò ó lójú. N kò mọ obìnrin náà rí, ṣùgbọ́n kí n tó nu ọwọ́ tán, mo ti mọ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ kò mọ̀. Mo fa ìwé náà ya wẹ́wẹ́. Bó bá jẹ́ ọwọ́ gbájúẹ̀ ló bọ́ sí ńkọ́?

Ẹ má bá alákàrà wí. Ó ra ìwé àlòkù lọ́jà ni. Ilé iṣẹ́ tó gba fọ́ọ̀mù yìí, tó wá tà á dànù, ni kí a bi léèrè.

Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí olúkúlùkù ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin mìíràn tó dá àjọ Nigeria Data Protection Commission sílẹ̀. Òfin náà ní kí ẹni tó bá ń gba ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kó má gbà ju èyí tó nílò lọ, kó má sì tọ́jú rẹ̀ pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Owó ìtanràn ilé iṣẹ́ ńlá tó bá rú u lè tó mílíọ̀nù 10 náírà, tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù.

Àwọn tálákà ni ọ̀rọ̀ yìí ń pa lára jù. Ẹni tó nílò owó kò lè sọ pé òun kò ní kọ fọ́ọ̀mù. Ní ọdún 2022, àjọ FCCPC lọ yẹ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó orí fóònù wò ní Ìkẹjà, nítorí ẹ̀sùn pé wọ́n ń kó nọ́ńbà inú fóònù ajigbèsè, wọ́n sì ń dójú tì í lójú ọ̀rẹ́ àti ẹbí.

Ẹnì kan lè ní, "Pásítọ̀, ṣọ́ọ̀bù kékeré ni tèmi." Ìwọ oníkẹ́míìsì, o mọ oògùn tí aládùúgbò rẹ ń lò. Ìwọ tó ń ta síìmù, o ní NIN ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Àwa náà ní ọ́fíìsì ìjọ, níbo ni ìwé ẹ̀bẹ̀ àdúrà tí ará kọ àìsàn rẹ̀ sí wà? Òfin yẹn ka ọ̀rọ̀ ìlera àti ẹ̀sìn sí ohun tó gba ìṣọ́ra jù.

Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, mo sì mọ̀ pé òfin kì í ti kọ́bọ́ọ̀dù. Ènìyàn ló ń tì í. Ẹ gba kìkì ohun tí ẹ nílò. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Bó bá ti tó àkókò, ẹ fà á ya tàbí kí ẹ sun ún. Bí wọ́n bá sì gbé fọ́ọ̀mù fún yín, ẹ béèrè pé, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àfojúdi, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ẹni tó fi àṣírí rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ ti fọkàn tán wa. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí a já a kulẹ̀.