Àpọ̀nwọlé: Ààrẹ àti Àwọn Aṣòfin Ẹ̀yìn Rẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ló bi mí léèrè pé, nígbà tí òkìkí ẹni tó ń du ipò Ààrẹ ní Amẹ́ríkà bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń du ipò aṣòfin fi bá a wọlé, kí ni kí á pè é ní Yorùbá? Mo ní àwọn àgbà ti fọ èsì: ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń dìbò yan Ààrẹ, gbogbo aṣojú-ṣòfin 435, àti nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn sẹ́nétọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń tìtorí Ààrẹ nìkan jáde nílé. Bí wọ́n bá ti yan Ààrẹ tán, orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń tọ̀ dé ìsàlẹ̀ ìwé ìdìbò, yálà wọ́n mọ olùdíje ni tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n.

Ní 1980 tí Ronald Reagan wọlé, ẹgbẹ́ Republican jèrè ìjókòó 12 ní Ilé Aṣòfin Àgbà, wọ́n sì gba àkóso ibẹ̀. Ní 2008, ẹgbẹ́ Democrat tí Barack Obama ṣíwájú jèrè ìjókòó tó ju 20 lọ ní Ilé Aṣojú-ṣòfin. Nígbà tó di 2010 tí orúkọ Obama kò sí lórí ìwé ìdìbò, ìjókòó 63 ni wọ́n pàdánù. Lóòótọ́, ọrọ̀ ajé tó dẹnu kọlẹ̀ àti àríyànjiyàn lórí òfin ìlera dá kún un. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n sọ ọmọ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo Ààrẹ ló ń rí ọmọ pọ̀n. Richard Nixon borí ní ìpínlẹ̀ 49 nínú 50 ní 1972, síbẹ̀ ẹgbẹ́ Democrat kò pàdánù ilé aṣòfin méjèèjì. Ní 2024, Donald Trump borí ní Arizona, Michigan, Nevada àti Wisconsin, àmọ́ Democrat ni wọ́n yàn sí ipò sẹ́nétọ̀ ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn olùdìbò kan ṣì ń fi ọgbọ́n ya orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn kan yóò ní Ààrẹ nílò alátìlẹ́yìn kó tó lè mú ìlérí ṣẹ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ aṣòfin kò mọ sí àtìlẹ́yìn. Òun ni yóò yẹ ìnáwó Ààrẹ wò, tí yóò sì bá a wí bó bá ṣìnà. Ọmọ ẹ̀yìn kì í rí ojú ẹni tó pọ̀n ọ́n. Ìpàkọ́ nìkan ló ń rí. Báwo ni yóò ṣe bá a wí lójúkojú?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ti di ọmọ onílùú lọ́hùn-ún, tí ẹ sì ń dìbò, ẹ má ṣe dúró sí òkè ìwé ìdìbò. Ẹ wádìí ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Ní ti ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo dábàá “àpọ̀nwọlé”. Bí ẹ bá ní èyí tó dùn jù ú lọ, ẹ fi ránṣẹ́. Ire o.